Fóònù àti Ọ̀bẹ: Ìjà Ẹbí Kan Nínú Breaking Bad

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìdáná kan. Fóònù ilé wà lórí pèpéle níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fóònù yẹn gan-an ni wọ́n gbé pákó tí wọ́n ki ọ̀bẹ bọ̀ sí. Aago fóònù dún, obìnrin tó nilé gbé e, ọkọ rẹ̀ ni. Oyún wà nínú obìnrin náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n máa fún ọmọ, ó ní kí ọkọ òun ra písà bọ̀ fún oúnjẹ alẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó á ti gbàgbé pákó ọ̀bẹ yẹn pàápàá.

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, nínú apá kan náà tí à ń wò, obìnrin yìí tún dúró síwájú pèpéle yẹn. Fóònù ṣì wà níbẹ̀, ọ̀bẹ náà ṣì wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀bẹ ló mú.

Apá tí mò ń sọ yìí ni wọ́n pè ní "Ozymandias", apá 14 nínú sáà 5 eré Breaking Bad. Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AMC gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà. Moira Walley-Beckett ló kọ ọ́, Rian Johnson ló darí rẹ̀, òǹkọ̀wé náà sì gba àmì ẹ̀yẹ Emmy lórí rẹ̀ lọ́dún 2014. Vince Gilligan tó dá eré náà sílẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nínú gbogbo apá 62 tí àwọn ṣe, èyí ló dáa jù. Àwọn èèyàn sábà máa ń sọ̀rọ̀ ìbọn àti owó tó wà nínú rẹ̀. Èmi ò bá ti ìbọn wá lónìí. Ìjà ẹbí ni mo bá wá, àti ìlàjà kan tó fara pa mọ́ sínú èébú, tí ọ̀pọ̀ èèyàn wò kọjá tí wọn ò rí i.

Ẹni tí kò bá tíì wo eré yìí, ẹ forí jì mí, gbogbo ẹ̀ ni mo máa tú síta.

Ní ṣókí: Walter White jẹ́ olùkọ́ kẹ́místrì ní Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Àrùn jẹjẹrẹ mú un nínú ẹ̀dọ̀fóró, owó ò sì sí. Ló bá fi ìmọ̀ tó ń kọ́ ọmọléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í se oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní meth. Hank, ọkọ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń gbógun ti oògùn olóró ni. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu, ọ̀kan ń wá ọ̀daràn káàkiri ìlú, ọ̀daràn ọ̀hún ló sì ń gbé oúnjẹ fún un lórí tábìlì. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá bi Walter ìdí tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: torí ẹbí mi ni. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ẹ wo bí eré ọ̀daràn ṣe sábà máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Wákàtí kan ni wọ́n fún un, ìpolówó ọjà á jẹ níbẹ̀, ohun tó máa ṣẹ́ kù kò ní ju bí ìṣẹ́jú 42 sí 44 lọ. Nínú ìwọ̀nba yẹn, ìtàn méjì ló máa ń rìn pọ̀. Ọ̀kan ni ẹjọ́ tí ọlọ́pàá ń wá ojútùú sí, èkejì ni wàhálà tó wà nílé ọlọ́pàá ọ̀hún. Ẹ mú Blue Bloods, eré CBS tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 tó sì parí ní 2024. Bàbá jẹ́ ọ̀gá pátápátá fún ọlọ́pàá New York, ọmọ kan jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọ̀kan jẹ́ ọlọ́pàá ojú pópó, ọmọbìnrin wọn jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba. Wọ́n á ti fi iṣẹ́ bá ara wọn jà láti àárọ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á ní àbúrò òun obìnrin ò jẹ́ kóun mú afurasí, ìyẹn á ní ẹ̀rí rẹ ò tó. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn á jókòó yí tábìlì kan ká, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún jà díẹ̀ sí i, ìjà á sì rọlẹ̀. Mo fẹ́ràn eré yẹn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ìlàjà tó wà níbẹ̀ rọrùn, torí apá òfin kan náà ni gbogbo wọn wà. Kì í ṣe ohun tó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Bí wọ́n ṣe máa rìn dé ibẹ̀ ni.

Tó bá wá jẹ́ pé inú ilé ni ọ̀daràn wà ńkọ́? Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ẹbí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ti gé nǹkan kan nìyẹn. Ibi tí "Ozymandias" ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí nìyí, torí gbogbo èèyàn inú ilé White ló wá dé ibi tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan: kí wọ́n gbé fóònù, tàbí kí wọ́n má gbé e.

Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló kọ́kọ́ ṣe tiwọn. Marie ni ìyàwó Hank, Skyler ìyàwó Walter sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní apá mẹ́rin sẹ́yìn, Marie rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti mọ iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe tipẹ́. Ó gbá a létí, ó sì fẹ́ gbé ọmọ jòjòló rẹ̀, Holly, jáde nílé. Látìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ gidi láàárín wọn mọ́. Ní apá tó ṣáájú "Ozymandias", Hank pe ìyàwó rẹ̀ láti inú aṣálẹ̀ pé òun ti mú Walter, òun ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Nínú apá yìí, Marie bá lọ sí ibi tí Skyler ti ń fọ mọ́tò fáwọn èèyàn, ibi tí wọ́n fi ń fọ owó oògùn mọ́. Ẹ wo bó ṣe jókòó. Kò pariwo, kò bú u. Ó ní inú òun kọ́kọ́ dùn pé wọ́n mú ọkọ rẹ, àmọ́ ẹ̀gbọ́n òun ṣì ni ọ́, òun á dúró tì ọ́. Ó wá fún un ní àṣẹ, àbúrò ń pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n: o máa sọ òótọ́ fún ọmọ rẹ ọkùnrin, lónìí, kí n tó kúrò níbí.

Ìlàjà tó dáa ni lójú wa. Nǹkan tí òǹkọ̀wé wá ṣe ni pé àwa tí à ń wò ti mọ ohun tí Marie ò mọ̀. Hank ti kú. Àwọn ọmọ ìta tí Walter fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè ló yìnbọn pa á nínú aṣálẹ̀. Walter bẹ̀ wọ́n títí, ó ní òun á fún wọn ní mílíọ̀nù 80 dọ́là, wọn ò gbọ́. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ìdáríjì tó ń jáde lẹ́nu Marie, opó ló ń sọ ọ́, kò sì tíì mọ̀ pé òun ti di opó. Mi ò mọ ìran mìíràn nínú eré ọ̀daràn tó fi jẹ́jẹ́ dunni tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin wọn, Walter kékeré, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Flynn, ni wọ́n wá sọ fún. Kò gbà á gbọ́. Nínú mọ́tò tí wọ́n gbé lọ sílé, ó dójú kọ ìyá rẹ̀: tó bá jẹ́ òótọ́ ni, tí o sì mọ̀, ìwọ náà ò yàtọ̀ sí i. Ìyá rẹ̀ ò rí èsì fọ̀. Ohun tó rí sọ ni pé kó so bẹ́líìtì ìjókòó ọkọ̀ mọ́ra. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, ẹ̀rín tí kò dùn. Ohun tí ìyá máa ń sọ nìyẹn nígbà tí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ti tán lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n délé, wọ́n bá Walter tó ń kó aṣọ sínú báàgì. Ó ní kí wọ́n tètè di ẹrù, owó wà, àwọn lè bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun níbòmíràn. Skyler béèrè Hank. Walter ń dáhùn ohun mìíràn. Skyler tún béèrè. Láti inú ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ láti sọ, ó mọ̀ pé Hank ti kú. Ìgbà yẹn ló rìn dé pèpéle, tí kámẹ́rà fi fóònù àti ọ̀bẹ hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lọ́jọ́ kan, fóònù yìí ló gbé irọ́ àkọ́kọ́ ọkọ rẹ̀ wọlé. Ipe tó gbà nígbà tó lóyún yẹn, Walter wà nínú aṣálẹ̀ níbi tó ti ń se oògùn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ti fi irọ́ tó máa pa dánra wò láìmọye ìgbà kó tó pè é. Skyler ò mọ̀ nígbà yẹn. Ó ti wá mọ̀ báyìí, ó sì fi fóònù sílẹ̀.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó jáde. Walter súnmọ́ ọn, Skyler fi ọ̀bẹ gé e ní àtẹ́lẹwọ́. Àwọn méjèèjì ṣubú, wọ́n ń du ọ̀bẹ nílẹ̀, ọmọ wọn dúró, kò mọ èyí tí yóò ṣe. Ọmọ yìí, ọ̀pá ló fi ń rìn, nítorí àìsàn cerebral palsy tí wọ́n bí mọ́ ọn, RJ Mitte tó ṣe ipa náà sì ní irú àìsàn yẹn lóòótọ́. Òun ló fa bàbá rẹ̀ kúrò lórí ìyá rẹ̀, ó wá fi ara rẹ̀ bo ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè sí bàbá rẹ̀. Walter dìde, ó pariwo mọ́ wọn, ó ní kí ló ń ṣe yín, ẹbí ni wá! Ó wo ojú wọn. Ó tún un sọ, ohùn ti lọ sílẹ̀: ẹbí ni wá.

Ọ̀rọ̀ kan náà tó fi ń ṣe àwáwí láti sáà kìíní nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó sọ ọ́ fún ẹbí ọ̀hún tí ẹnì kankan ò dá a lóhùn.

Flynn wá gbé fóònù. Ẹ tẹ́tí sí ohun tó sọ fún ọlọ́pàá: bàbá mi yọ ọ̀bẹ sí ìyá mi. Ẹ̀yin náà rí i pé ìyá ló mú ọ̀bẹ. Ọmọ náà rí i. Àmọ́ ó ti dá ẹjọ́ lọ́kàn ara rẹ̀, ó sì ti mú ẹ̀yìn tó máa dúró sí. Walter gbọ́ ọ, ó gbé Holly, ó já síta, ó wa ọkọ̀ lọ. Skyler sá tẹ̀ lé e dé ojú títì, ó ń kígbe, ó kúnlẹ̀ sáàárín títì. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wò ó fúnra yín.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí òǹkọ̀wé ò kọ. Walter ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ nínú ilé ìyàgbẹ́ kan, ọmọ jòjòló tó wà lọ́wọ́ òṣèré Bryan Cranston sì ń pe "Màmá", ó ń tún un pè. Ìyá ọmọ náà gan-an wà ní ìtòsí, òun lọmọ ń pè, kì í ṣe Skyler. Cranston ò dúró, ó fi ṣeré náà lọ. Ojú Walter tí ẹ rí níbẹ̀, ojú ọkùnrin tó gbọ́ pé ọmọ tó jí gbé ò fẹ́ òun ni.

Ó wá pe ilé.

Ìpè yìí ni mo tìtorí ẹ̀ ṣe gbogbo àlàyé yìí. Àwọn ọlọ́pàá ti kún ilé, Marie wà níbẹ̀, Flynn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ọlọ́pàá ti wà lórí fóònù. Walter béèrè bóyá ọlọ́pàá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Skyler ní kò sí. Walter bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ó pè é ní orúkọ tí mi ò lè pè níbí. Ó ní ẹ̀bi rẹ ni gbogbo èyí, o ò bọ̀wọ̀ fún mi rí, mo kìlọ̀ fún ọ pé tí o bá lòdì sí mi ojú rẹ á rí nǹkan, ẹkún àti àròyé nìkan lo mọ̀, o ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ mi, èmi nìkan ni mo dá a ṣe.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wò ó, mo ní ọkùnrin yìí ti ya wèrè. Mo bú u padà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà kejì ni mo wá wo ojú rẹ̀ dípò kí n máa gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹkún ló ń sun. Omi ń dà lójú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tó fi ń halẹ̀. Ó mọ̀ pé ọlọ́pàá ń gbọ́. Ẹ wá to ọ̀rọ̀ náà padà bí agbẹjọ́rò ṣe máa tò ó: ìyàwó ò mọ nǹkan kan, ìyàwó ń lòdì sí i, ó ń halẹ̀ mọ́ ọn, òun nìkan ló dá ẹ̀ṣẹ̀. Irọ́ ni. Skyler ló ń ṣe ìṣirò owó, òun ló rí sí i pé wọ́n ra ibi ìfọmọ́tò. Walter ń fi èébú kọ̀wé ẹ̀rí fún un lójú ọlọ́pàá, ó ń sọ ara rẹ̀ di ẹranko kó lè yọ ọ́.

Anna Gunn ló ṣe Skyler, Emmy tó gbà lọ́dún 2014 tọ́ sí i. Ẹ wo ojú rẹ̀ ní àárín ìpè yẹn. Ó ń dà á rú níbẹ̀rẹ̀, èébú yìí ò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà, ó yé e. Kò sọ pé ó yé òun, kò lè sọ ọ́. Ó kàn dáhùn pé òótọ́ lo sọ, ẹ má bínú. Ó fi ohùn obìnrin tí wọ́n ti ń nà tipẹ́ sọ ọ́, ó gba ipa tí wọ́n fún un. Nínú gbogbo apá yìí, ibẹ̀ nìkan ni tọkọtaya yìí ti fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan.

Àwọn kan máa ń bá mi jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní Walter ń fi ọgbọ́n sọ ọ́ ni, kò sí ohun tó wá látinú ọkàn rẹ̀ níbẹ̀. Mi ò gbà. Ẹni tó ń purọ́ kì í rí ọ̀rọ̀ kíkorò báyẹn ṣà níbi kan, ó ti wà nínú rẹ̀. Tó bá ní òun nìkan ni òun dá a ṣe, ìgbéraga rẹ̀ ló sọ ọ́, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń dáàbò bo ìyàwó rẹ̀, ó sì ń tú ìkorò inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìran yìí nìyẹn. Lẹ́yìn ìpè náà, ó gbé Holly sínú ọkọ̀ panápaná kan ní ilé iṣẹ́ wọn, kí wọ́n lè dá a padà fún ìyá rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì ohun tí ìpè yẹn túmọ̀ sí, ọmọ ti padà sílé.

Ó kù síbì kan. Ẹ̀tàn yẹn ò tó. Ní apá tó tẹ̀ lé e, agbẹjọ́rò ìjọba ò fi Skyler sílẹ̀, wọ́n ní àfi kó fún wọn ní nǹkan kan. Flynn náà ò rọ̀. Walter fi ọgbọ́n pè é ní iléèwé, ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí i, ọmọ náà pariwo mọ́ ọn pé kí ló dé tí o ò tíì kú. Òǹkọ̀wé ò parí ìjà yẹn rárá, mo sì yìn wọ́n fún un.

Mo rántí bí The Sopranos, eré ọ̀daràn mìíràn, náà ṣe ṣe tirẹ̀ ní apá tó kẹ́yìn, ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2007. Tony Soprano lọ wo Junior, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó yìnbọn lù ú, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Arúgbó náà ti gbàgbé ohun gbogbo. Tony rán an létí pé Junior àti bàbá òun ló ni ìlú yìí nígbà kan. Junior ní, àbí? Ó ní ó mà dáa o. Ta ni Tony fẹ́ dárí jì? Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ò sí nínú àga yẹn mọ́.

Skyler ní tiẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan. Ní apá tó parí Breaking Bad, "Felina", ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2013, ó ti ń gbé nínú yàrá há-há kan. Marie pè é lórí fóònù láti kìlọ̀ fún un pé Walter ti wọ̀lú. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń sọ̀rọ̀ padà, ọ̀rọ̀ tó le, àmọ́ ó ń lọ. Skyler gbé fóònù sílẹ̀, kámẹ́rà rọra súnmọ́ ọn, a wá rí i pé Walter ti wà lẹ́yìn òpó inú ilé ìdáná látìgbà yẹn. Kò sí ọ̀bẹ nítòsí. Sìgá ló wà lọ́wọ́ Skyler.

Walter bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Skyler dá a dúró: tí o bá tún sọ fún mi pé torí ẹbí lo ṣe ṣe é. Walter ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní torí ara òun ni. Òun fẹ́ràn rẹ̀, òun mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì jẹ́ kí òun mọ̀ pé òun wà láàyè.

Kò tọrọ àforíjì. Skyler náà ò dárí jì í lẹ́nu. Walter fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì kan, ó ní nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni ojú ibi tí wọ́n sin Hank sí. Kó pe ọlọ́pàá tí òun bá ti lọ, kó fi ṣe pàṣípààrọ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìpè fóònù kan náà ni tòun tọlọ́pàá, àmọ́ Skyler ló máa pè lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí irọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Marie á rí òkú ọkọ rẹ̀ sin.

Walter ní kó jẹ́ kí òun rí Holly. Skyler ronú díẹ̀, ó jẹ́ kó wọlé. Ọmọ ń sùn. Ó fọwọ́ kan irun rẹ̀, ó sì jáde. Níta, ó fara pa mọ́, ó ń wo Flynn tó ń ti iléèwé bọ̀. Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, kò wẹ̀yìn.